Ilé Tó Tẹ̀lé Ilé Tí A Tì

Abúlé Canlubi,
Bohol.
Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn.

Jovelyn, Inday mi, ọmọ tí mo gbé lé èjìká sọdá odò lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà òjò,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Cebu, mo sì kí ọ kú sùúrù pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ tí o ní bí o bá ṣàlàyé tán, wọ́n á tún bi ọ́ ní ohun kan náà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí ohun tí o bá fọwọ́ kàn máa dára sí i, kó má rí bí ohun tí bàbá rẹ fọwọ́ kàn. Kí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé ọ wálé má pàdé ìjì. Ìyá rẹ ní kí n kọ Àmín síbẹ̀ kí n tó gbàgbé. Àmín.

Bí o bá bèèrè wa, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn kò le. Abo ẹlẹ́dẹ̀ wa bímọ, ó sì sùn lé ọ̀kan nínú wọn mọ́lẹ̀, láti ìgbà náà ni ìyá rẹ ti ń bá a yan odì bí ẹni pé èèyàn ni. Ubi, iṣu wa aláwọ̀ àlùkò, ta dáadáa lápá òkè oko, ṣùgbọ́n omi ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́. Ìjì tó kọjá wó òpó fóònù tó wà lórí òkè, ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́ ohùn wa. Ọkùnrin tó ń tún òpó ṣe wá, ó wò ó, ó mi orí, ó lọ. Ìyá rẹ a máa gun òkè náà láràárọ̀, a na fóònù sókè bí Fadá ṣe ń gbé Ara Olúwa sókè, a sì sọ̀kalẹ̀ wá sọ pé ọ̀run kò gbé e. Mo ní Puring, kì í ṣe ọ̀run lò ń pè, Cebu ni. Ó ní ibi tí ọmọ ẹni wà tí ọwọ́ ẹni ò tó, kí ni ìyàtọ̀?

Jẹ́ kí n sọ kókó lẹ́tà yìí síbí, kó lè jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ fún ọ, ibí nìkan lo máa kà. Lola Epang wà lórí ẹní, kò ní í pẹ́ kú. Ohun kan ṣoṣo tó ń dúró dè ni kí ère Ìyá Mímọ́ wọ ilé rẹ̀. Ìyá Mímọ́ kò sì wọ ibẹ̀, nítorí mo ti ba àtòkọ orúkọ àwọn ilé jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tí o fún mi. Ọwọ́ èmi Basilio ni, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí o bá mọ bí a ṣe ń tún un ṣe, kọ ọ́ sínú ìwé, fi rán ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ̀rọ náà lè pe orúkọ ìyá àgbà yìí kó tó kú.

Bí o bá sì ráyè, ka ìyókù, nítorí bí mi ò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, inú mi á bẹ́.

O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é láti ìgbà bàbá mi. Ère Ìyá Mímọ́ nínú àpótí onígíláàsì rẹ̀ a máa sun ọ̀sẹ̀ kan nílé kan, wọn a máa ka rósárì níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì fún àwọn tó wá lóúnjẹ. Bó bá di Sátidé a ó tan àbẹ́là, a ó gbé e lọ sílé tó kàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi yí abúlé po, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀. O sì mọ òfin tó so mọ́ ọn, tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: a kì í bèèrè Ìyá Mímọ́. Ẹni tó bá bèèrè pé ìgbà wo ló kan òun, ó dà bí ẹni tó ń yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ onílé. Òun ló ń wá, a kì í fà á. Bó bá wá, o gbàlejò. Bí kò bá wá, o panu mọ́, o yẹ ara rẹ wò. Rántí òfin yìí, Inday, òun ló pa wá.

Inú orí ni bàbá mi ń tọ́jú ètò àwọn ilé sí. Orí tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún tí mo gbàgbé ilé Nang Soling, kò bèèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń wò mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń wo ajá tó jẹ ẹyin, títí ọdún fi parí. Ìdí nìyẹn tí ìwọ, nígbà tí o wálé fún Kérésìmesì tó ṣáájú èyí tó kọjá, fi ní Tay, bàbá mi, ẹ jẹ́ ká tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Mo gbà. Nígbà tí ìyá rẹ gbọ́ pé orúkọ òjòlá ni wọ́n sọ èdè tí a ó máa fi bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ó bu iyọ̀ yí ẹsẹ̀ tábìlì ká. Iyọ̀ náà wà níbẹ̀ títí dòní, ó ní láti ìgbà yẹn adìẹ òun kankan kò sọnù mọ́.

O kọ́ mi pé àtòkọ dà bí àgbàlá: òpó méjì tó tẹ̀ ní ìkángun, orúkọ àwọn ilé láàárín, àti àmì kékeré kan láàárín ilé kan sí èkejì bí ọgbà ṣe máa ń wà láàárín aládùúgbò. Ó yé mi. Ilé wa ni mo kọ́kọ́ kọ nítorí àwa la sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jù. Mo wá ní kí ẹ̀rọ sọ ipò tí mo wà fún mi, ó ní òdo. Inú bí mi. Mo bi ọ́ pé gbogbo bí mo ṣe ń gbá ìgbẹ́ àdán nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, òdo ni mo jẹ́ lójú ẹ̀rọ? O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀, o ní Tay, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ilé mélòó lẹ máa kọjá kẹ́ ẹ tó dé ilé wa? Mo ní kò sí. O ní ohun tó ń sọ nìyẹn, kì í ṣe iyì yín ló ń kà, ìrìn ló ń kà. Ó tù mí nínú. Ṣùgbọ́n Tibor ẹlẹ́mu ti gbọ́ ọ lójú fèrèsé, láti ọjọ́ náà Nong Òdo, Ẹ̀gbọ́n Òdo, ni orúkọ mi ní Canlubi, àwọn ọmọdé pàápàá ń kí mi bẹ́ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

O padà sí Cebu, o fi ìwé ẹ̀kọ́ tí o kọ fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo kà á bí ẹni ń ka kátíkísìmù. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi orúkọ kún ìdí àtòkọ. Mo kọ́ bí a ṣe ń yọ orúkọ. Mo kọ́ bí a ṣe ń rán ẹ̀rọ láti ilé dé ilé. Bí mo bá gbàgbé àmì kékeré kan, á fi lẹ́tà pupa bú mi, màá sì tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sáré gbé e, mo fẹnu kò ó bí a ṣe ń fẹnu ko ubi tó bá já bọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ ní ó dáa, ó kù kí n lọ gbìn ín. Inday, mi ò mọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin tó ka sẹ́kọ́ńdìrì tán tó padà sídìí àgbọn, tí gbogbo ayé ń sọ ohun tí yóò ṣe fún, nǹkan kan wá wà báyìí tó ń ṣe ohun tí òun bá sọ. Bóyá ayọ̀ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mi ò mọ̀.

Àkókò yẹn ni àwọn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Rolly kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Mindanao. Àwọn kan lọ sí Manila, àwọn kan lọ sí Dubai. Bí mo bá pe orúkọ ilé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdákẹ́rọ́rọ́ ló ń dáhùn, ó sì ń dùn mí wọra. Mo wá lo ọgbọ́n tara mi. Mo ṣe àtòkọ kejì, ti àwọn ilé tí a tì. Mo sọ fún ẹ̀rọ pé máa rìn láti ilé dé ilé. Bí o bá kan ilé tí a tì, yọ ọ́ kúrò nínú àtòkọ. Bí èèyàn bá wà níbẹ̀, pe orúkọ rẹ̀. Kí o máa bá ìrìn rẹ lọ. Ẹ̀rọ gbà. Kò bú mi. Mo jó yí tábìlì po, mo tẹ iyọ̀ ìyá rẹ mọ́lẹ̀. Mo da gbogbo orúkọ tó pè kọ sínú ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbà pé ayé ti yé mi.

Ìyípo kan kọjá, a bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn ilé kan wà tí Ìyá Mímọ́ kò wọ̀. Wọn ò bèèrè, a kì í bèèrè. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá di ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́ pé ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé tí a tì, Ìyá Mímọ́ ti kọ̀ ọ́. Nígbà tí Cora tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ Nang Soling fẹ́ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Manila, Soling gbé adìẹ tẹ̀ lé e dé etí omi, ó kúnlẹ̀ síwájú gbogbo èrò, ó ní Cora, mo bẹ̀ ọ́, dúró, bí o bá lọ wọ́n á fo ilé mi. Cora ní ṣé ìwọ lo máa san owó oṣù mi? Soling ní rárá, ṣùgbọ́n gba adìẹ yìí. Cora gba adìẹ, ó wọ ọkọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Wọ́n sì fo ilé Soling.

Tibor nìkan ni orí rẹ̀ ń wú. Ilé méjì tó ṣáájú tirẹ̀, tí wọ́n fara kan ara wọn, ló ti tì, síbẹ̀ Ìyá Mímọ́ wọ ilé rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá mu ẹmu pé ẹ ti rí i báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè mí lọ́mùtí, ẹni tó mọ inú ti wá wo inú mi.

Lola Epang ni ilé rẹ̀ tẹ̀lé ti Rolly. O rántí rẹ̀, òun ló máa ń fi ìrẹsì alálẹ̀mọ́ olómi àgbọn dí ọ lẹ́nu bí o bá ń sunkún. Ó dá wà láti ìgbà tí Amado ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tí kò sì kọ lẹ́tà mọ́. Lọ́jọ́ tí ó yẹ kó kàn án, ó gbá àgbàlá rẹ̀, ó fi òdòdó sí orí tábìlì, ó se bíkò, ìrẹsì alálẹ̀mọ́ yẹn, sínú ìkòkò ńlá. Èmi ni mo mú fìtílà níwájú. A gbé Ìyá Mímọ́ jáde nílé tó wà lápá ọ̀hún ilé Rolly, a kọjá ilé Rolly, a kọjá iwájú ilé Lola Epang, a wọ ilé tó tẹ̀lé tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu géètì rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là. Mo rò pé ó wulẹ̀ jáde wá kí Ìyá Mímọ́ ni. Mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Lola. Ó ní kú ìrọ̀lẹ́, Basing. Mo kọjá. Nígbà tí ìyípo kejì dé, ó tún gbá àgbàlá, ó tún se bíkò, ó tún dúró síbẹ̀, mo tún kí i, ó tún dá mi lóhùn, mo sì tún kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn ò rí i níta mọ́.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀. Mo ń mu ẹmu àgbọn níwájú ilé Tibor lọ́sàn-án, ó sì ń fi mí ṣẹ̀sín, ó ní Nong Òdo, ẹ̀rọ rẹ yìí mà gbọ́n o, ó dà bí ajá, bó bá rí ilé òfìfo á sáré kọjá méjì. Ó bí mi nínú. Mo ní jẹ́ kí n fi bó ṣe ń rìn hàn ọ́. Mo to àwọn ife èèpo àgbọn rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe. Mo kan èyí tí mo pè ní ilé Rolly, mo yọ ọ́. O mọ Tibor, kì í fẹ́ àlàfo lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Bí mo ṣe yọ ife, ó ti àwọn yòókù súnmọ́ra, ife tó tẹ̀lé e sì bọ́ sí àyè tí ìka mi wà. Èmi gbé ìka mi lọ síwájú. Tibor ní Òdo, o ti fo ife mi o, ẹmu ṣì wà nínú rẹ̀.

Inday, ibẹ̀ ló ti yé mi. Bí a bá yọ ilé kan, gbogbo ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sún síwájú láti dí àlàfo. Ẹni tó tẹ̀lé e bọ́ sí ibi tí ẹ̀rọ dúró sí, ẹ̀rọ sì ti gbé ẹsẹ̀ lọ. Kò rí i. Kì í ṣe pé ó kọ̀ ọ́. Kò rí i ni. A tún un tò pẹ̀lú ilé méjì tó tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ìka mi yọ àkọ́kọ́, ó fo èkejì, ó sì bọ́ sórí ẹ̀kẹta. Tibor ni ẹ̀kẹta. Ó gbé ife yẹn sọ́wọ́. Ó ní, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi nìyẹn? Mo ní Tibor, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní Basing, o ṣeun o, ọdún tí mo níyì jù láyé mi lo gbà yẹn. Kò sì gba owó ẹmu lọ́wọ́ mi, ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Mo lọ bá Lola Epang. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní rẹ̀, mo ní èmi ni, Lola, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe Ìyá Mímọ́. Ó ní Basing, dìde, ilẹ̀ yẹn tutù. Mo lọ kó ife Tibor wá, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀, mo fi ìka rìn, mo yọ, mo sún. Ó wò ó títí dé òpin, ó ní ife yẹn dára, ṣé ti Tibor ni? Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní nígbà tí Amado ń lọ, òun sọ ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́nu géètì tí ìyá kì í sọ sí ọmọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé òun ti di ilé tí wọ́n ń fò. Ó ní èèyàn rere ni ọ́, o fẹ́ gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lé orí ara rẹ kí n lè kú pẹ̀lú ìtura, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wo ló lè ṣe ohun tí Ẹni òkè kò fọwọ́ sí? Bí mo ṣe ń jẹ́wọ́ tó ni ó ń káàánú mi tó.

Mo sáré lọ gbé Ìyá Mímọ́ wá láìsí àbẹ́là, láìsí orin, bí ẹni jí i gbé. Lola Epang yíjú sí ògiri. Ó ní o gbé e wá ni, kò wá. Ó ní bí ẹ̀rọ rẹ bá pe orúkọ mi fúnra rẹ̀, wá búra fún mi, ìgbà náà ni màá gbà. Mo ṣí ẹ̀rọ, mo fi orúkọ rẹ̀ kún un bí o ṣe kọ́ mi. Ó lọ sí ìdí pátápátá, lẹ́yìn ilé tó wà lẹ́bàá odò. Títí yóò fi kàn án, yóò ti di èèpẹ̀. Mi ò gbójú gbóyà fọwọ́ kan nǹkan mìíràn mọ́. Ọwọ́ tó ba ohun kan jẹ́, ṣé òun náà la ó fi tún un ṣe?

Fèsì kíákíá. Ọkọ̀ Túsìdeè ni màá fi lẹ́tà yìí rán.

Tọ́sìdeè.

Ọkọ̀ kò lọ. Ìgbì ga ju etí omi lọ, ọlọ́kọ̀ sì ní òun ní ọmọ. Lẹ́tà yìí wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi láti ọjọ́ náà bí ẹyin tí kò fẹ́ pa.

Ṣùgbọ́n gbọ́. Lánàá mo ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo ilé wa, mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ pé ẹni tí kò tíì sí ìrìn láàárín òun àti ìbẹ̀rẹ̀, òdo ni ipò rẹ̀. Mo ní, ṣé tèmi ni àyè yẹn? Mo lọ wo ìwé rẹ, mo sì rí i níbẹ̀ pé a lè fi orúkọ sí ipò tó bá wù wá, kì í ṣe ìdí nìkan. Mo fẹnu ko ẹ̀rọ náà. Mo nu orúkọ Lola Epang kúrò níbi gbogbo tó wà, mo fi í sí ipò òdo. Gbogbo wa sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ilé wa di ọ̀kan. Ìyá rẹ ní ó kéré tán wọn ò ní í pè mí ní òdo mọ́. Wọ́n ṣì ń pè mí.

Mo lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn wá. Mo jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn, mo ní kí a fi ìyípo yìí sílẹ̀ kí a bẹ̀rẹ̀ tuntun. Dado tó jẹ́ pé òun ló kàn kùn, ó ní òun ti ra ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Nang Soling dìde lẹ́yìn, mo ní ó parí, yóò fi bàtà sọ mí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní adìẹ mi! Ó ní Cora jẹ adìẹ mi lásán! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, àwọn tó jókòó sẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sẹ́ni tó bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo ṣí ẹ̀rọ níwájú wọn, mo ní kó rìn. Orúkọ àkọ́kọ́ tó pè ni Epifania, orúkọ ìsàmì Lola Epang. Mo sáré bí ọmọdé. Mo ní Lola, ó pè yín, ẹ̀yin ló kọ́kọ́ pè. Ó ní búra. Mo fi Ìyá Mímọ́ búra, mo sì fi orí rẹ búra, Inday, má bínú. Ó rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù yọ. Ó ní kí ẹnì kan bá òun gbá àgbàlá. Èmi ni mo gbá a. Ìyá rẹ ti rẹ ìrẹsì alálẹ̀mọ́ sómi. Sátidé ni Ìyá Mímọ́ ń lọ. Màá pa lẹ́tà yìí dé lẹ́yìn ìyẹn, kí n lè fi ìròyìn ayọ̀ parí rẹ̀.

Mọ́ńdè.

Fúráìdè ló kú. Ìyá rẹ ń fún omi àgbọn lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ gba ara ògiri, ó bi í pé ṣé kí ṣúgà pọ̀ tàbí kó mọ níwọ̀n. Kò dáhùn.

Sátidé, Ìyá Mímọ́ wọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là àti orin, gbogbo abúlé tẹ̀lé e, ó bá a lórí tábìlì pẹ̀lú aṣọ funfun. Ṣé ó wá, àbí kò wá? Mo bi Fadá nígbà tó dé fún ìsìnkú, ó ní ó wá. Mo bi Soling, ó ní ó wá. Mo bi Tibor, ó bu ẹmu kún ife kan, ó gbé e sídìí àbẹ́là. A jẹ bíkò náà. Ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n.

A sin ín ní àná. A ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú àtòkọ àwọn ilé tí a tì. Mo ṣí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi sì dúró sókè. Wo ẹni tó tẹ̀lé e, Inday. Àwa ni. Bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ yóò yọ ọ́, a ó sún sí àyè rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì kọjá lọ, kò ní í rí wa.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Wá tún ìlànà náà ṣe fún gbogbo abúlé, fún Soling àti àwọn tó jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n má fo ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ lọ. Títí o fi máa dé, èmi náà yóò máa lọ láti ilé dé ilé wọn, màá máa ṣàlàyé fún wọn. Ṣùgbọ́n ti ilé wa, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìyípo yìí. Jẹ́ kí n gbá àgbàlá. Jẹ́ kí n fi òdòdó sórí tábìlì, kí n dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú àbẹ́là, kí ẹni tó mú fìtílà kí mi, kí n dá a lóhùn, kó sì kọjá. Mo fẹ́ mọ ohun tí Lola Epang rí. Ìyá rẹ ní òun kọ́ ló kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ, pé lọ́sẹ̀ yẹn òun ń gbé bíkò òun lọ jẹ nílé àbúrò òun ní Loon. Mo ní kò burú. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ó ní, ó dáa, òun á mú àbẹ́là kejì dání.

Owó tí o sọ pé o fẹ́ fi ránṣẹ́ fún òrùlé, má fi ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀. Òrùlé lè máa jò. Bí kò bá sì sí àyè lẹ́nu iṣẹ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a ra àbẹ́là fún ibojì rẹ̀, nítorí Amado kò mọ̀, a ò sì mọ ibi tí a ó kọ lẹ́tà sí fún un. Mi ò fẹ́ ni ọ́ lára pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó kù yìí, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́wọ́ gbogbo nǹkan, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú: ibùsùn rẹ ṣì wà ní ìtẹ́ bí o ṣe tẹ́ ẹ, bí ilé tí a tì, èmi ni mo sì tẹ̀lé ọ nínú ìlà.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní títì, kó ṣọ́ ọ lójú omi. Kí ẹni tí o bá ràn lọ́wọ́ má gbàgbé rẹ. Bí àwọn tó wà níwájú rẹ bá lọ, kí àyè wọn má ṣe bò ọ́ mọ́lẹ̀. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ, kí wọ́n pe tìrẹ, kí o sì wà láàyè láti dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Basilio, tí wọ́n ń pè ní Òdo.